Ọjọ́ Tí Lọ́yà Jẹ́rìí Ta Ko Ara Rẹ̀

Bẹ́ǹṣì náà dún kìì nígbà tí bàbá àgbà mi jókòó sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra, kìì, kìì, kìì, bí àwọn tó ti wà lórí rẹ̀ ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Obìnrin kan tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n, ó mú Bíbélì rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Ọkùnrin kan ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ wúkọ́ níta, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Kí àwọn akọrin tó dé ìlà tó gbẹ̀yìn orin àkọ́kọ́, ó ti ku èmi àti bàbá nìkan lórí bẹ́ǹṣì tó lè gba èèyàn mẹ́jọ. Òórùn tùràrí gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Aṣọ funfun ni bàbá wọ̀ bíi ti gbogbo èèyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèèṣì wọlé yóò mọ̀ pé kì í ṣe ara wọn. Mo sún mọ́ ọn kí àlàfo àárín wa má baà pọ̀. Ṣe ni àlàfo náà tún fẹ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ mi kejì.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé, mo bi í léèrè.

"Bàbá, kí ló dé tí wọ́n máa ń dìde?"

"Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó síbi tó bá wù wọ́n."

"Ṣé a ṣẹ̀ wọ́n ni?"

"Ìwọ ò ṣẹ̀ wọ́n," ó ní.

Bàbá mi ló kú, tí ìyá mi sì bá iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi wá sọ́dọ̀ bàbá àgbà tó bí bàbá mi, ní abúlé wa, tí kò jìnnà sí Igbódìgò. Ilé rẹ̀ ló tóbi jù lọ níbẹ̀, òun náà ló sì dákẹ́ jù. Òpó iná wà níwájú rẹ̀, wáyà ti já lórí rẹ̀ tipẹ́, ẹyẹ ẹ̀gà ló ń kọ́lé síbẹ̀. Ariwo àwọn ẹyẹ yẹn ló ń jí mi láàárọ̀. Màá gbọ́ tí bàbá ń fá irùngbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, abẹ ń ha lára rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi ń ro nínú abọ́. Màá dá iná, màá gbé omi tíì rẹ̀ kaná, màá nu eruku orí ìwé. Ìwé pọ̀ nínú ilé náà ju àwo oúnjẹ lọ. Tó bá mu tíì tán, yóò jókòó, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì pa bàtà dúdú rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Kò sí ibi tó ń wọ̀ ọ́ lọ.

Lọ́yà ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kàwé di lọ́yà ní abúlé wa. Gbogbo abúlé ló para pọ̀ rán an níwèé. Epo pupa tí wọ́n fọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀rùn ló di ìwé tó kà. Nígbà tó padà dé, ó bá wọn rojọ́ ní kóòtù, ó sì jàre. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òṣèlú wá a wá. Wọ́n dìbò fún un, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, ó wọ agbádá ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, èyí tó mú kí n kọ́kọ́ rò pé àbúrò rẹ̀ ló wà nínú àwòrán náà.

Àwọn ìwé tó fẹ́ràn jù ni èyí tó sọ nípa àwọn lọ́yà ilẹ̀ Amẹ́ríkà láyé ìjọhun, láyé tí ẹṣin ṣì ń gbé wọn láti kóòtù kan dé òmíràn, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìjọba. Ó máa ń sọ ìtàn wọn fún mi nígbà tí mo bá ń ṣa ewé ẹ̀fọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀. Ó gbèjà àwọn àgbẹ̀ títí wọ́n fi dìbò fún un. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe òfin, ó gbé ilẹ̀ wọn fún àwọn tó ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?" ni mo bi í.

"Ó darúgbó," ni bàbá wí. "Ẹnu ló gbé gbogbo wọn dé ibi gíga. Ohun tí wọ́n fọwọ́ kọ nígbà tí wọ́n débẹ̀ ni ẹnu ò lè tún ṣe mọ́."

Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo ṣáà ń ṣa ewé lọ.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, yóò ṣí àpótí kan, òórùn káńfọ̀ yóò sì gbalé. Yóò mú aṣọ dúdú tí lọ́yà máa ń wọ̀ sí kóòtù jáde, yóò sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan tó ti oko bọ̀ tó dúró wo aṣọ náà tó ń fì nínú atẹ́gùn, tó wá tutọ́ sílẹ̀ kó tó máa lọ. Bàbá wà lójú fèrèsé. Òun náà rí i. Kò sá aṣọ náà síbòmíràn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa lábúlé náà, ìyẹn màmá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa. Púpurú ló ń ṣe tà. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń rẹ nínú omi ló kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn, ó kan, ó sì le nímú. Tó bá ti fún omi rẹ̀ dànù, yóò ṣù ú róbótó bí orí ọmọdé, yóò tò ó sórí àjà òkè iná, èéfín yóò sì máa yọ́ wọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Ó jẹ́ kí n máa bá òun fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú yẹn kúrò. Inú rẹ̀ á funfun báláú. Ìkálẹ̀ ponbele ló ń sọ. Ó ní Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì máa ń há òun lọ́fun. Ó ń fún mi lẹ́ja yíyan, ó ń dirun fún mi, ṣùgbọ́n kò dárúkọ bàbá àgbà mi rí. "Ẹni ilé yín" ló máa ń pè é. Bí bàbá bá sì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá tó kí i, yóò tẹ ojú mọ́ ẹ̀gẹ́ tó ń bó.

Lọ́jọ́ kan, mo bi òun náà ní ìbéèrè tí mo bi bàbá.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kò sọ fún ọ?"

"Ó ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde."

"Ó sọ òtítọ́ níbẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú tí èéfín ti mú kó máa ṣomi. "Ìwọ ṣáà wo ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn odò lọ́hùn-ún. Ṣé o rí òpin rẹ̀?"

Mi ò rí òpin rẹ̀ rí. Ọ̀pẹ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni, wọ́n gbìn ín ní ìlà gbọọrọ, ìlà lẹ́yìn ìlà, ó dúdú nísàlẹ̀ bí inú ihò. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, ẹ̀ṣọ́ sì ń ṣọ́ ọ.

"Oko wa ni," ni màmá wí. "Ti gbogbo wa. Ibi tí ààlà pèrègún ti ọkọ mi ti parí ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ yẹn wá, wọ́n fẹ́ ilẹ̀, a ní a ò fún wọn. Ẹni ilé yín wá ti ilé ìgbìmọ̀ dé. Ó kó wa jọ sí ọgbà ilé-ìwé. Ó mú ìwé jáde, ó ní, 'Mo ti kà á fún yín, ó dáa, ẹ tẹ̀ka.' Ṣé ọmọ wa kọ́ ni? Ta ló rán an níwèé? Nígbà tó kọ́kọ́ ń lọ sílé-ìwé, èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ dé títì. Èmi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ka lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ ẹ́ kí àwọn tó kù lè rí i pé kò séwu."

Ó gbé àtàńpàkò rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ẹ̀rùn yẹn gan-an ni katapílà dé. Wọ́n hú pèrègún. Inú oko yẹn ni mo sin ọkọ mi sí, nítorí ibẹ̀ ló ní kí n sin òun sí. Mo sáré lọ. Nígbà tí màá fi débẹ̀, ilẹ̀ ti rí bákan náà láti ìhín dé ọ̀hún. Mi ò mọ ibi tó wà. Títí di òní, mi ò mọ abẹ́ ọ̀pẹ èwo ló wà."

Mo gbé ìtàn náà wálé bí ẹni gbé iná sínú aṣọ. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án yẹn, ó ń lu páànù gan-an. Bàbá jókòó ní pálọ̀, ó ń pa bàtà. Mo dúró síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ kà á fún wọn?"

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Kò bi mí pé kí ni. Ó jọ pé láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà ló ti ń retí mi.

"Ojú-ìwé méjì ni," ó ní. "Mo ka àkọ́kọ́ fún wọn. Ó sọ nípa ilé ìwòsàn, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti títì tí wọ́n máa ṣe."

"Kí ló wà nínú ìkejì?"

"Pé ilẹ̀ náà ti lọ títí ayé. Àwọn èèyàn wa rò pé ṣe ni àwọn yá ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún díẹ̀."

Ọmọdé ni mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo wá ọ̀nà tó máa gbà jáde fún un. "Àbí ẹ̀yin náà ò tíì ka ìkejì nígbà yẹn ni?"

Ó wò mí. Mo mọ̀ pé tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá gbà á gbọ́ títí màá fi kú, òun náà sì mọ̀.

"Mo ti kà á, ọmọ mi," ó ní. "Èmi gan-an ni mo bá wọn kọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé tí àwọn èèyàn wa bá ti rí ilé ìwòsàn, wọn ò ní béèrè ilẹ̀. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ yẹn sì ní àwọn máa tì mí lẹ́yìn dé ipò tó ga ju èyí tí mo wà lọ."

"Ṣé ẹ dé ipò náà?"

"Rárá."

"Ilé ìwòsàn ńkọ́?"

Ó tún mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń pa bàtà lọ. Mi ò rí ilé ìwòsàn kankan lábúlé wa. Mo lọ sí yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, èyí tí mi ò ṣe rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò bá a sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Kò fi dandan mú mi. Oúnjẹ tí mo bá gbé ka iwájú rẹ̀, bó ṣe wà ni mo máa ń bá a.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò lásán, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé màmá. Mo tẹ̀ lé e láti ọ̀nà jíjìn. Màmá wà láàárín èèpo ẹ̀gẹ́, ó ń bó o. Bàbá dé iwájú rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo náà, bó ṣe gùn tó yẹn, pẹ̀lú orí funfun rẹ̀. Ewúrẹ́ kan sá sẹ́yìn. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ó bó odindi kan tán, ó jù ú sínú omi, ó mú òmíràn.

"Dìde," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ilẹ̀ tí o dọ̀bálẹ̀ sí yìí nìkan ló kù fún mi. Má bà á jẹ́."

Bàbá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, kò dìde tán. "Mo fẹ́ kí ẹ pe ẹjọ́," ó ní. "Ẹ̀yin àti gbogbo abúlé. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́."

"Ta ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún adájọ́? Àwa tí a ò mọ̀wé?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni lọ́yà wa nígbà yẹn. Ìwọ ni yóò tún jẹ́ lọ́yà wa?"

"Rárá. Lọ́yà kò lè jẹ́rìí nínú ẹjọ́ tó ń rò. Mo ti rí ọmọbìnrin kan ní Òkìtìpupa tí yóò bá yín rò ó. Èmi yóò wọ àpótí ẹlẹ́rìí. Màá sọ ohun tí mo ṣe."

Ìgbà yẹn ni màmá tó wò ó lójú. "Kí ló dé tí o fi dúró di ìgbà tí egungun ọkọ mi ti rà?"

Mo rí i tí ẹnu bàbá ṣí, ẹnu tó ti fi jàre ẹjọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnu náà tún padé.

Màmá àti àwọn ará abúlé pe ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀rí bàbá, ó ní kí n má lọ sílé-ìwé, kí n wá gbọ́. Ó gbé aṣọ lọ́yà rẹ̀ jáde láàárọ̀, mo rò pé ó fẹ́ wọ̀ ọ́, àṣé ó kàn fẹ́ ká a dáadáa ni. Ó dá a padà sínú àpótí, ó sì ti àpótí náà. Takisí kan ló gbé èmi, òun, màmá àti àgbà ọkùnrin méjì. Àwọn tó kù gun ọ̀kadà. Kóòtù Òkìtìpupa là ń lọ.

Ooru mú nínú kóòtù. Fáànù òkè ò yí. Òórùn ìwé àtijọ́ àti òógùn ló wà níbẹ̀. Àwọn ará abúlé wa kún ẹ̀yìn, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi òkú. Nígbà tí wọ́n pe bàbá, ó di ọwọ́ mú lára igi àpótí ẹlẹ́rìí, ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kí òun sọ ẹ̀rí òun ní èdè Ìkálẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni òun fi ṣe ohun tí òun ṣe, òun ò fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ gbà fún un. Ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, ojú-ìwé àkọ́kọ́ àti ojú-ìwé kejì. Ohùn rẹ̀ kò ga. Nígbà tó débi ìtẹ̀ka, ògbufọ̀, tó jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó sì jọ pé àánú rẹ̀ ṣe é, túmọ̀ rẹ̀ pé àṣìgbọ́ wà láàárín bàbá àti àwọn ará abúlé. Bàbá yíjú sí i.

"Mi ò sọ pé àṣìgbọ́ wà," ó wí. "Mo ní mo tàn wọ́n jẹ. Túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kẹ́dùn lẹ́yìn wa, "Háà!" bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Púpọ̀ nínú wọn ló ti mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà dìde. Ó bọ̀wọ̀ fún bàbá, ó tẹrí ba díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ fẹ́ kí ilé ẹjọ́ yìí gbà pé ẹ purọ́ fún àwọn èèyàn yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó purọ́ nígbà yẹn, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ ló tún ń pa báyìí?"

Bàbá kọjú sí i.

"Nígbà tí mo purọ́, èrè wà níbẹ̀ fún mi," ó ní. "Ẹ wò mí dáadáa, kí ẹ sọ èrè tí mo ń jẹ lónìí."

Lọ́yà náà jókòó. Mo yíjú wo màmá. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà le bí òkúta. Kì í ṣe ẹkún àánú.

Mo rò pé nǹkan máa yí padà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Irú èrò tí ọmọdé máa ń ní nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bẹ́ǹṣì ṣófo fún wa bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tiẹ̀ burú sí i lọ́dọ̀ àwọn kan, nítorí pé àwọn tó ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ ti wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọmọ kan ní kíláàsì wa pè mí ní ọmọ olè ilẹ̀. Nígbà tí mo sunkún wálé, bàbá bu omi fún mi kí n bọ́jú.

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ sọ ọ́?" ni mo bi í.

"Mo kábàámọ̀ pé orí rẹ ló ń dà lé," ó ní. "Ìyẹn nìkan."

Wọ́n ń sún ẹjọ́ náà síwájú. Adájọ́ lọ fún ìsinmi, ó padà dé, wọ́n tún sún un. Bàbá ń lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá, kódà nígbà tí ẹ̀rí rẹ̀ ti parí, ó ń jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Ọyẹ́ ọdún kejì ló bá a. Ikọ́ mú un, ikọ́ náà kò sì lọ. Màá fi òróró pa á láyà, màá gbọ́ tí nǹkan ń dún nínú rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé tíì rẹ̀ wọlé, ara bàbá ti tutù. Ó dojú kọ fèrèsé. Mi ò pariwo. Mo gbé tíì náà sílẹ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ pe màmá, nítorí pé mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè pè.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ kejì. Olùṣọ́àgùntàn wa gbà láti ṣe ìsìn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń gbẹ́ sàréè sọ pé iṣẹ́ wà lóko àwọn. Èèyàn méjì láti Igbótako ni ìyá mi lọ bẹ̀, àwọn ló wá gbẹ́ ẹ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí a ó gbé e jáde, àwa mélòó kan ni: ìyá mi, èmi, olùṣọ́àgùntàn, lọ́yà obìnrin yẹn, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí màmá tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Ó jókòó títí ìsìn fi parí tí wọ́n sì bo ilẹ̀. Bí àwọn kan ṣe rí i níbẹ̀, wọ́n wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn ọgbà. Wọn ò wọlé, wọn ò sì lọ.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ dárí jì í."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Ó fi ọwọ́ líle rẹ̀ gbé àgbọ̀n mi sókè. "Mi ò dárí jì í. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò wá. Ṣùgbọ́n ọkọ mi dá wà lábẹ́ ọ̀pẹ wọn, kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dá wà bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni yìí."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ jáde. Lọ́yà obìnrin náà gun ọ̀kadà wá fúnra rẹ̀, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Ó jókòó nílé màmá, ó ka gbogbo rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Adájọ́ ní òun gba ẹ̀rí bàbá gbọ́, pé ó hàn pé òtítọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí katapílà ti wọ oko ni àwọn èèyàn náà ti mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn ti lọ, wọn ò sì pe ẹjọ́ ní àsìkò tí òfin là sílẹ̀. Àsìkò ti kọjá. Wọ́n pàdánù.

Iná ń ta pàrà lábẹ́ àjà púpurú.

"Ṣé orúkọ ọkọ mi wà nínú rẹ̀?" ni màmá béèrè.

Lọ́yà náà ṣí ìwé sẹ́yìn, ó wá a, ó rí i. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún, pé inú ilẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Màmá ní kó fi ìka tọ́ka sí i fún òun. Ó gbé ìka tirẹ̀ lé e, kò sì tètè gbé e kúrò. Nígbà tó yá, ó dìde lọ yí púpurú rẹ̀ padà kó má baà jóná.

Ìyá mi mú mi lọ. Mo dàgbà sí ìlú míì, mo ń kọ́ ọmọ níwèé báyìí. Màmá ti lọ bá àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pẹ ilé-iṣẹ́ yẹn ti ga débi pé wọ́n ti ń gé àwọn àkọ́kọ́ lulẹ̀ láti gbin tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo máa ń lọ ro ẹ̀yìn ilé. Kì í pẹ́ mi níbẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ó yẹ kí n gbàgbé. Àwọn míì, tí wọ́n mọ apá kejì ìtàn náà, máa ń ní akọni ni bàbá àgbà mi. Mi ò lè bá apá kankan lọ. Mo mọ ọkùnrin tó kọ ojú-ìwé kejì, mo sì mọ ọkùnrin tó ní kí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Ẹnì kan náà ni, ọwọ́ rẹ̀ ló bu omi fún mi bọ́jú. Nígbà míì, mo máa ń bínú sí i lọ́sàn-án gangan, láàárín kíláàsì, tí màá sì dákẹ́ tí àwọn ọmọ á máa wò mí. Nígbà míì sì rèé, àárò rẹ̀ ló máa ń sọ mí. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé èkíní ò ní lé èkejì lọ.

Lọ́dún yìí, bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ wò mí títí. Ó ní, "Ojú yìí jọ ojú tí mo mọ̀. Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó rọrùn láti dárúkọ ìyá mi, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣọ̀tá. Mo ti rò ó rí. Mo kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà náà, mo sì sọ ọmọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Mo dárúkọ bàbá àgbà mi ní kíkún, ketekete, kó má baà ṣi ẹni tí mò ń wí mú. Lẹ́yìn náà mo dúró síbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, kó lè ṣe ojú tó bá fẹ́ ṣe sí mi.